Mo fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Ṣáínà, owó mi ṣì wà ní báǹkì wọn

Tíṣà_Ìṣirò (Ọjọ́ Àìkú, alẹ́)
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo kọ́kọ́ dá sí i, torí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Chengdu ni mo wà. Oṣù 31 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níléèwé aládàáni kan. Nígbà tí mo dé, kíláàsì 18 lọ́sẹ̀ la jọ kọ sínú àdéhùn. Ọ̀gá tuntun dé lọ́dún tó kọjá, ó di 26. Bó bá di Sátidé, wọ́n á ní ká wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá, ká máa ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn òbí. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ti ríṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè míì, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń retí mi, àdéhùn tibí sì ku oṣù márùn-ún.

Owó ló ń kó mi lọ́kàn sókè. 140,000 yuan ló wà ní àkáǹtì mi. Mo lọ sí báǹkì lánàá pé mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là kí n fi ránṣẹ́ síta, ọmọbìnrin tó wà ní kàúńtà ní dọ́là 500 péré làwọn lè ṣẹ́ fún àlejò lójúmọ́. Bí mo ṣe ṣírò ẹ̀, bí ogójì ọjọ́ ni màá fi máa lọ tò síbẹ̀.

Iléèwé náà tún ní bí mo bá lọ kí àdéhùn tó pé, màá san owó oṣù méjì, àwọn ò sì ní fún mi níwèé ìtúsílẹ̀, ìyẹn ìwé pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, owó ni àbí lẹ́tà?

Àdìó_Wuhan
Owó. Ọjọ́ tó o bá ti fún wọn ní lẹ́tà, ojú tí wọ́n fi ń wò ẹ́ á yí padà. Gbogbo ìwé tó o bá fẹ́ kí wọ́n lù ní òǹtẹ̀, gbà á nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín.

Ọlọ́jà_Xiaobei
Ẹ̀yin tíṣà fẹ́ràn wàhálà jù. Àwa tá à ń rajà ní Guangzhou, yuan là ń wá tọ̀sán tòru. Fi yuan ránṣẹ́ sí mi lórí WeChat, kó o tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹnìkejì mi ti san náírà sí àkáǹtì rẹ nílé. Kò sí ìwé, kò sí ìtò, iye tí à ń ṣẹ́ ẹ sì sàn ju ti báǹkì lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe é.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́jà, mi ò ní bá yín jà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Èmi náà ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin àkọ́kọ́, ó lọ geere. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mi ò ta yuan, rírà ni mo fẹ́ rà. Ọkọ mi san náírà nílé kí wọ́n lè bá mi fi yuan sí káàdì fún owó ilé. 12,000 yuan wọlé, orúkọ ará Ṣáínà kan tí mi ò mọ̀ rí ló fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wà níwájú ìyá tó ń ta èso nísàlẹ̀ ilé wa, mo na fóònù sí àmì tá a fi ń sanwó, kò lọ. Mo tún un ṣe, kò lọ. Ìyá náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn rọra fa ọ̀rá máńgòrò náà padà sọ́dọ̀ ara ẹ̀.

Nígbà tí mo dé báǹkì, wọ́n ní ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ rí ló ti àkáǹtì mi pa. Owó ẹnì kan tí wọ́n lù ní jìbìtì ni 12,000 yẹn, ó ti gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá kó tó dọ́wọ́ mi. Kì í sì í ṣe 12,000 náà nìkan ni wọ́n tì pa o, gbogbo àkáǹtì ni, tòun ti owó oṣù. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ fi dè é, òfin sì gbà wọ́n láyè láti tún un dè. Mo kọ̀wé, mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ WeChat hàn wọ́n, mo dá 12,000 padà, síbẹ̀ oṣù mẹ́fà àti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń jẹun lọ́wọ́ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi.

Ìwọ tó o fẹ́ kúrò nílùú, bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó o fẹ́ wọ bàálù ńkọ́?

Ọlọ́jà_Xiaobei
Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí, ojú yín rí nǹkan. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ gba yuan wọlé. Títà lòun fẹ́ tà. Owó tó ń jáde ò lè gbé ìdọ̀tí wọlé.

Omidan_Ningbo
Ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló lè ṣẹ́ dọ́là 50,000 lọ́dún? Ọ̀rẹ́ mi ará Ṣáínà ló sọ fún mi. Ó tiẹ̀ ní mo lè lo tòun bí tèmi bá tán.

Bàbá_Físíìsì
Omidan, ti àwọn ọmọ onílùú nìyẹn. Má lo tọ̀rẹ́ rẹ o. Wọn ò gbà kéèyàn yá ẹlòmíì ní ìwọ̀n owó ọdún ẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ sì ni wàhálà máa kọ́kọ́ bá.

Ọlọ́jà, o gba díẹ̀, o sọ díẹ̀ nù. Àkáǹtì tibí lè má ní ìdọ̀tí, náírà tí wọ́n san sí tilé ńkọ́? Ta ló mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ ti rí i? Yàtọ̀ síyẹn, ríra àti títa owó òkèèrè lẹ́yìn báǹkì lòdì sófin níbí, owó ìtanràn ẹ̀ sì lè tó ìdá 30 nínú 100 iye tí wọ́n bá ká mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ó yá, Tíṣà, gbọ́ tèmi. Àwa àlejò tó ń ṣiṣẹ́ níbí ò ní gbèdéke kankan lọ́dún. Ìwé la fi ń ṣe é. Dọ́là 500 tí ọmọ yẹn sọ, ti ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tù nìkan dání ni. Bó o bá mú àdéhùn iṣẹ́, páásípọ́ọ̀tù tí ìwé ìgbélùú wà nínú ẹ̀, àti ẹ̀rí owó orí lọ, gbogbo owó oṣù tó ti san owó orí lo lè ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi rèé. Obìnrin náà tẹ́ ìwé owó orí sílẹ̀, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹ̀rọ ìṣírò ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó yọ owó orí kúrò. Nígbà tó ṣẹ́ ẹ tán, ó kọ iye tí mo gbà sẹ́yìn ìwé náà gan-an, ó lù ú ní òǹtẹ̀, kí n má baà gbé ìwé kan náà lọ sí báǹkì míì. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbé omi dání.

Má sì lọ sí ẹ̀ka kékeré tó wà nítòsí ilé. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò rí irú ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ohun tí wọn ò bá mọ̀, “kò ṣeé ṣe” ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka ńlá Bank of China láàárín ìlú ni kó o wá, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Tíṣà_Ìṣirò
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ. 16,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Nínú àdéhùn tí ìjọba mọ̀, 9,000 ló wà níbẹ̀. 7,000 yòókù, ọ̀gá ló ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WeChat, ó ní owó ilé ni. Ṣé mo ti kó sí gbèsè nìyẹn?

Àdìó_Wuhan
Páàpáà. Owó tí kò bá ti san owó orí, báǹkì ò mọ̀ ọ́n rí.

Bàbá_Físíìsì
Àdìó, má tíì dá a lẹ́jọ́. Ìwọ tíṣà ìṣirò, mú bírò. 9,000 lọ́nà 31 jẹ́ 279,000. Yọ owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìwòsàn, yọ owó orí, ó ṣì máa lé ní 240,000. Iye tó wà lórí ìwé ni báǹkì ń wò, wọn ò bi ẹ́ pé èwo lo jẹ, èwo lo fi pamọ́. 140,000 tó wà lọ́wọ́ rẹ wọ inú ẹ̀, ó tún ṣẹ́kù. Ti WeChat yẹn, ṣebí òun lo fi ń jẹun? Ṣé o ti ṣẹ́ kankan nínú owó náà rí?

Tíṣà_Ìṣirò
Mi ò ṣẹ́ kọ́bọ̀ rí. WeChat ni mo fi ń jẹun, òun náà ni mo fi ń san owó ilé, mi ò fọwọ́ kan ti báǹkì. Ojú ń tì mí pé èmi tí mò ń kọ́ni níṣirò ò rò ó bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Má lọ bẹ iléèwé fún ìwé owó orí o. Gbé páásípọ́ọ̀tù rẹ lọ sí ọ́fíìsì owó orí, kí wọ́n bá ẹ forúkọ sílẹ̀, o lè wá gba àkọsílẹ̀ gbogbo oṣù lórí áàpù owó orí ti ìjọba, òǹtẹ̀ wọn ti wà lára ẹ̀. Pe 12366 bó bá rú ẹ lójú. Kó o tó dé báǹkì rárá, kà á dáadáa. Iléèwé míì ń yọ owó orí lọ́wọ́ tíṣà, kì í dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Oṣù mẹ́rin ni mi ò rí nínú tèmi.

Wo orúkọ rẹ náà. Orúkọ wa gùn, báǹkì lè pa á pọ̀ mọ́ra, kí ọ́fíìsì owó orí já ìdí ẹ̀. Bó bá yàtọ̀ lójú ibi méjèèjì, wọ́n á ní ẹni méjì ni ẹ́.

Àgbà_Shanghai
A ò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Òfin Àdéhùn Iṣẹ́ ti wà láti 2008. Abala 37 sọ pé òṣìṣẹ́ lè fiṣẹ́ sílẹ̀ bó bá ti kọ̀wé sí wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Bó bá jẹ́ àsìkò ìdánwò iṣẹ́ ni, ọjọ́ mẹ́ta. Kò ní kó o gbàṣẹ, ó ní kó o sọ fún wọn. Abala 25 ò fàyè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àyàfi bí wọ́n bá náwó ẹ̀kọ́ṣẹ́ lé e lórí tàbí bó bá jẹ mọ́ àṣírí iṣẹ́. Abala 50 sì sọ pé dandan ni kí wọ́n fún ẹ níwèé pé iṣẹ́ ti parí. Kì í ṣe oore.

Kọ lẹ́tà náà ní èdè wọn àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Fi EMS, ìfìwéránṣẹ́ kíákíá ti ìjọba, ránṣẹ́, kó o kọ ọ́ sára àpò ẹ̀ pé lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, kó o sì tọ́jú rìsíìtì. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á ni kíka ọgbọ̀n ọjọ́ bẹ̀rẹ̀.

Àdìó_Wuhan
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ní Shanghai tiyín gan-an, ilé ẹjọ́ máa ń wo ohun tí àlejò àti ọ̀gá ẹ̀ jọ fọwọ́ sí, owó ìtanràn inú àdéhùn sì lè dúró. Bí wọ́n ṣe ń lo òfin yẹn fún àlejò yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Àgbà_Shanghai
O gbá mi mú, òótọ́ ni. Kó lọ ka ohun tó fọwọ́ sí, pàápàá apá tí wọ́n kọ ní èdè Ṣáínà. Èyí tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì lè máa sọ nǹkan míì.

Ẹsẹ̀_Yíyá
Kí lẹ̀ ń ṣe gbogbo eléyìí fún? Ìsinmi oṣù Kẹwàá lèmi fi kó ẹrù mi, mo wọ bàálù. Addis Ababa ni mo ti tẹ lẹ́tà sí wọn lórí fóònù. Kò síjà, kò síta.

Àgbà_Shanghai
Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ ṣì wà lórúkọ iléèwé yẹn nínú ẹ̀rọ ìjọba. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà mọ́, àwọn náà lo máa padà lọ bẹ̀ kí wọ́n fagi lé e.

Ẹsẹ̀_Yíyá
Mi ò padà wá mọ́ láéláé.

Àgbà_Shanghai
Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2015.

Tíṣà, fetí sí èyí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Bí iṣẹ́ bá ti parí, iléèwé ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti fagi lé ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìwọ náà ní ọjọ́ mẹ́wàá láti lọ sọ fún ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń bójú tó ìwọlé àti ìjáde àlejò.

Omidan_Ningbo
Àmọ́ oṣù Kejìlá ló wà lára ìwé ìgbélùú tèmi. Mo rò pé mo lè jókòó di Kejìlá ni. Tàbí kí wọ́n fún mi ní ọgbọ̀n ọjọ́ bí mo bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀?

Àgbà_Shanghai
Rárá o. Iṣẹ́ ló gbé ìwé yẹn dúró. Wọn kì í sì í déédéé fúnni ní ọgbọ̀n ọjọ́, ìwọ lo máa lọ béèrè ìwé ìdúró fúngbà díẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú ẹ̀. Ẹni tó bá kọjá àsìkò, 500 yuan lójúmọ́ títí dé 10,000, tàbí kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pe 12367 kó o bi wọ́n, wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń gbé e tọ̀sán tòru.

Ìyá_Ìbejì
Má pa nọ́ńbà fóònù rẹ tibí o! Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ báǹkì, orí ẹ̀ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi pa tiẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, 6,000 yuan ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Fi í sórí ètò ìpè tówó ẹ̀ kéré jù lọ, kó o máa fi káàdì ìpè sí i.

Àdìó_Wuhan
Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tó o bá ti ránṣẹ́ tán: ní pápákọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn tó o bá ti kọjá ẹnubodè, dọ́là 1,000 ni wọ́n lè ṣẹ́ fún ẹ pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù nìkan. 20,000 yuan lo lè gbé dání jáde. Bí dọ́là tó o mú dání bá ju 5,000 lọ, gba ìwé lọ́wọ́ báǹkì kó o tó dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè. Káàdì báǹkì tibí tó ní àmì UnionPay náà ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ lókè òkun, 10,000 yuan lójúmọ́ lórí káàdì kan, 100,000 lọ́dún fún gbogbo káàdì tó bá jẹ́ tìrẹ.

Bàbá_Físíìsì
Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ìdá 8 nínú 100 tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, tìẹ ni. Bó o bá ń kúrò ní Ṣáínà pátápátá, kọ̀wé pé o fẹ́ kí wọ́n ti àkáǹtì náà, wọ́n á san án fún ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí iléèwé dá sí i ò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Tíṣà_Ìṣirò (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà)
Ẹ̀yin ará, mo dé.

Ọ́fíìsì owó orí gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú. Oṣù 31 pé síbẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹ̀ka báǹkì àkọ́kọ́ ní kò ṣeé ṣe. Ní ẹ̀ka kejì, wọ́n gba ìwé mi tán, ni wọ́n bá rí i pé orúkọ mi àárín wà lára ìwé owó orí, kò sí lára káàdì. Obìnrin náà fi ìka kan mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ mi bí ọmọ tó ń kọ́ ábídí, ó dé ìparí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan náà ni wá. Mo fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo 140,000 lọ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kẹta ló dé sí àkáǹtì dọ́là mi, àwọn báǹkì ojú ọ̀nà ti bu díẹ̀ jẹ nínú ẹ̀.

Ọjọ́ kejì tó dé ni mo fi EMS gbé lẹ́tà lọ. Ọ̀gá pè mí, ó ní owó oṣù méjì. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká jọ pe 12333, ká gbọ́ ohun tí ilé iṣẹ́ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ máa sọ. Ó ní kí n jókòó. Wọ́n ti fún mi níwèé ìtúsílẹ̀, wọ́n ti fagi lé ìwé àṣẹ iṣẹ́, mo sì ti gba ìwé ìdúró ọgbọ̀n ọjọ́.

Ó ku ẹyọ kan. 9,000 oṣù tó gbẹ̀yìn wọlé. 7,000 ti WeChat ò wọlé. Ọ̀gá ò dáhùn mọ́.

Àdìó_Wuhan
Fi í lé wọn lọ́wọ́, ọ̀rẹ́. Wọ bàálù rẹ.

Ìyá_Ìbejì
Fi kí ni lé wọn lọ́wọ́? Iṣẹ́ oṣù kan! O ní ọdún kan láti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onílàjà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Owó tó ń wọlé lóṣooṣù láti ọwọ́ ọ̀gá, iye kan náà, ẹ̀rí nìyẹn.

Bàbá_Físíìsì
Ẹ̀rí ni lóòótọ́, àǹtí. Ẹ̀rí náà ni pé 7,000 lóṣooṣù wà tí kò san owó orí. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn yẹn, kó mọ̀ pé òun náà wà nínú yàrá.

Ìyá_Ìbejì
Iléèwé ló yẹ kó yọ owó orí yẹn, kì í ṣe òun. Ọ̀gá ò ní fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn náà ju Tíṣà lọ. Kó kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan péré, kó so àwòrán àwọn tó ti san mọ́ ọn, kó má fi èébú kankan kún un.

Tíṣà_Ìṣirò
Mo ti ń ya àwọn àwòrán náà láti àárọ̀. Mo ti dé oṣù kẹtàlélógún. Màá kọ̀wé sí i lálẹ́ yìí, bàálù mi di Ọjọ́bọ̀.